Òṣùwọ̀n Òkè Ìdákẹ́

“Ẹ má mira, ẹ jọ̀ọ́,” ni òṣùwọ̀n wí. “Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì balẹ̀ dáadáa.”

Ìbídùnní dá ẹsẹ̀ òsì tó ti fẹ́ fà sẹ́yìn padà sórí òkúta pẹlẹbẹ náà. Ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu géètì bí gbogbo ènìyàn, òkúta náà sì tutù débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á. Ó mí sínú, kò mí síta.

“Ẹ lè mí,” ni òṣùwọ̀n tún wí. “Mo ti yọ èémí kúrò nínú ìṣirò. Kílò méjìlélọ́gọ́ta àti irinwó gíráàmù. A ó tún rí ara wa nígbà tí ẹ bá ń padà lọ. Ẹ gbádùn ìbẹ̀wò yín.”

Ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fún un ní ohùn ìyá àgbà tó ń pín ẹran fọ́mọ, nítorí ẹni tó bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í rántí bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n lára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ òfin sí ní lẹ́tà gàdàgbà: ẹni tó bá jáde ní Òkè Ìdákẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó yàtọ̀ sí èyí tó gbé wọlé, ìbáà lé, ìbáà dín, ju àádọ́ta gíráàmù tí a fi jìn ín nítorí òógùn, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ìbídùnní mọ ohun tó ń jẹ́ kí orúkọ ènìyàn kúrò lára ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò rẹ̀ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dúró síwájú ilé ara rẹ̀ tó ń bẹ ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn ń fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n, ọjà kò mọ̀ ọ́n, ilé ìwòsàn kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, wọn ò rí i níbẹ̀ mọ́, àwọn aládùúgbò sì ń ba tiwọn lọ.

Ó fọwọ́ kan ìbàdí bí ẹni tó ń tún ìró ró. Kókó náà wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tó so ó mọ́ létí ìró bí àwọn ìyá ayé àtijọ́ ṣe máa ń so ohun tí wọn ò fẹ́ kó sọnù. Igba gíráàmù ni. Bàbá rẹ̀ ni.

Òṣùwọ̀n kì í tú ènìyàn wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe Òfin Ìbora, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wo abẹ́ aṣọ ọmọ ènìyàn mọ́, kí ó wọ̀n ọ́n nìkan ló kù fún un. Nítorí náà, wíwọlé kì í ṣe ìṣòro. Bàbá wọlé bí ọba. Ẹni tó fẹ́ fi bàbá sílẹ̀ lókè, tó sì fẹ́ bá òṣùwọ̀n yìí pàdé nígbà tó bá ń bọ̀, òun ló ní iṣẹ́ níwájú.

Gídíónì Àjàgbé, bàbá Ìbídùnní, kò fẹ́ di àgbàdo. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayé ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí wọ́n ń sin mọ́. Bí ènìyàn bá kú, Ilé Ìpadà ni wọ́n ń gbé e lọ, nígbà tó bá sì di ogójì ọjọ́, á ti di ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Wọ́n á dà á sínú àwo ńlá kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára, wọ́n á gbé àwo náà lọ sí ọ̀kan nínú àwọn oko alájà tó ga ju igi àràbà lọ, wọ́n á sì gbin nǹkan sí i. Ọdún méjìlélógún ni Ìbídùnní fi ń ṣiṣẹ́ lájà keje irú oko bẹ́ẹ̀, tó ń fọwọ́ tú ilẹ̀, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tutù jù tàbí ó gbẹ jù. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tó kan ẹni tirẹ̀.

“Mi ò bá àgbàdo jà o,” ni Bàbá Gídíónì máa ń wí nígbà ayé rẹ̀. “Mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Ṣùgbọ́n wò ó, Ìbídùn. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí wọ́n bá wá fi mí ṣe ẹ̀kọ mu ní ìlú tí mi ò dé rí, ta ló wá sin mí?”

Ìbídùnní a rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà àgbàlagbà ni. Kò mọ̀ pé bàbá náà ti fi orúkọ sílẹ̀ láti bẹ Òkè Ìdákẹ́ wò, níbi tí wọ́n sin Ìyá Rákẹ́lì wòlíì sí ní ọdún tó ti lé ní igba sẹ́yìn, nígbà tí àwọn aláṣọ funfun ṣì pọ̀ láyé. Ìyá ìyá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó wọ aṣọ náà kẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá ni orúkọ bàbá fi wà nínú ìbò tí wọ́n fi ń yan àlejò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó kú ni ó jáde. Ìwé ìjọba ní kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ dípò rẹ̀. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú ìbẹ̀wò náà, Ìbídùnní fa àwo tuntun kan sọ́dọ̀ lájà keje, ó wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ti bàbá òun ni. Irú oko bẹ́ẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà nílùú wọn. Bóyá orí bàbá ló gbé e wá, bóyá ẹ̀rọ kàn pín in bẹ́ẹ̀ ni, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí irúgbìn tó dé.

Ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán kó tó wá. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti dé òkè yìí rí ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó ní kànga wà lórí rẹ̀, pé wọ́n máa ń bu omi fún gbogbo àlejò mu. Igba gíráàmù ilẹ̀, igba gíráàmù omi: bí bàbá bá ti kúrò nínú ìró, omi á wọ inú ikùn, òṣùwọ̀n á sì gbà pé ìwọ̀n àlọ àti àbọ̀ ọ̀kan náà ni. Nítorí èyí, láti àná ni kò ti mu omi tó bó ṣe yẹ. Ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ gòkè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan láti Ìlú Orí-Omi ni àwọn méjì yòókù, aṣọ wọn ń yí àwọ̀ padà bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹni tó ń mú wọn lọ ni Bàbá Nátánì, àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ sùtánà funfun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n nítorí ilẹ̀ òkè náà. Òfin ní kí ibi àjogúnbá kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́ran ara kan tí kì í ṣe ẹ̀rọ, ó kéré tán, òun sì ni ẹlẹ́ran ara ti Òkè Ìdákẹ́. Ìbídùnní kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ìró rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ẹ rọra máa gùn ún.” Àwọn tọkọtaya juwọ́ sí i.

Ìlẹ̀kẹ̀ etí tí wọ́n fún wọn ní géètì ló ń ṣàlàyé. Bí wọ́n bá wo ibì kan, á sọ ìtàn ibẹ̀. Ó sọ pé ọ̀nà àpáta yìí ni àwọn onígbàgbọ́ máa ń fi orúnkún gùn. Ó sọ pé ní ayé àtijọ́ olúkúlùkù ló máa ń bu iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè náà lọ sílé fún ìbùkún, títí sàréè fi fẹ́ tẹ́jú, ìyẹn ló sì mú kí ìjọba gbé òṣùwọ̀n wá. “Lónìí,” ni ìlẹ̀kẹ̀ wí, “sàréè náà wà digbí nítorí ìṣọ́ra yín.”

Nígbà tí wọ́n dé òkè, Ìbídùnní kò wo sàréè. Kànga ló wò. Wọ́n ti fi gíláàsì nípọn bo ẹnu rẹ̀, wọ́n sì tan iná sínú rẹ̀ kí àlejò lè rí bó ti jìn tó.

“Bàbá,” ó ní, “ṣé wọn kì í mu ún mọ́ ni?”

“Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti dí i. Wọ́n ní omi náà kò mọ́ tó.”

“Kò wá sí omi mìíràn lórí òkè yìí?”

“Kò sí, ìyá. A kì í jẹ, a kì í mu, títí ẹ ó fi padà dé géètì.”

Ó wo omi náà láti orí gíláàsì. Ó ń dán. Bí ẹni tí wọ́n gba omi lẹ́nu rẹ̀ ló rí. Gbogbo ìṣirò tó ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn ti dòfo lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà méjì ló kù nílẹ̀: kí ó gbé bàbá padà sínú àwo, kí wọ́n gbin nǹkan sí i ní Mọ́ńdè, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ níbí kí ilẹ̀kùn gbàgbé òun. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níta.

Àwọn tọkọtaya ti dé ibi tí wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ sí nínú àpótí gíláàsì. Àbẹ́là kan tó ti jó kù kéré wà níbẹ̀, agogo ọwọ́ kan wà níbẹ̀, àti agolo kékeré kan tó ti dípẹtà. Lábẹ́ agolo náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ife mímọ́. A gbà pé àwọn àlùfáà nìkan ló ń mu nínú rẹ̀. Ìyàwó náà mí kanlẹ̀, ó ní kí ọkọ òun wá wò ó.

Bàbá Nátánì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ìbídùnní. “Agolo mílíìkì ni,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ìyá ìyá mi máa ń fi í wọn ìrẹsì. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní ẹ̀rí mi dà.”

Bí kì í bá ṣe pé ọkàn Ìbídùnní ti wúwo, ìbá rẹ́rìn-ín.

Ọkọ náà wá béèrè ibi tí àwọn ti lè gbọ́ ohùn Ìyá Rákẹ́lì. Bàbá Nátánì ní kò sí ohùn rẹ̀ kankan nílẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu. “Màmá wa tó ti kú ṣì ń kí wa láàárọ̀ nínú ògiri,” ni ìyàwó wí, àánú Ìyá Rákẹ́lì sì hàn lójú rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, wọ́n wo sàréè náà, tí kò ju òkìtì ilẹ̀ kan lọ nínú ògiri funfun kúkúrú lábẹ́ òrùlé páànù, wọ́n ní ó dára púpọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Wákàtí kan ni wọ́n ní. Wọn ò lo ìdajì rẹ̀.

Ìbídùnní kò lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri kúkúrú náà, kò sì mọ ohun tó kàn.

“Ẹ sọ fún ìlẹ̀kẹ̀ etí yín pé ẹ fẹ́ gbàdúrà,” ni Bàbá Nátánì wí lẹ́yìn rẹ̀.

“Mi ò mọ àdúrà gbà, sà.”

“Kò ní bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin ní ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ gbọ́ àdúrà ọmọ ènìyàn. Àwọn ènìyàn ti gbàgbé òfin náà ni, kò kúrò nínú ìwé.”

Ó sọ ọ́. “Ìṣẹ́jú méjìlá,” ni ìlẹ̀kẹ̀ dáhùn, ó sì dákẹ́ lọ gbáà. Etí rẹ̀ wá ṣófo. Ó gbọ́ afẹ́fẹ́ lórí páànù, ó gbọ́ ẹyẹ kan nísàlẹ̀ òkè.

“Ó dáa,” ni àgbàlagbà náà wí. Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú náà. “Ta ni ẹ gbé wá?”

Irọ́ mẹ́ta ló sáré wá sí ẹnu Ìbídùnní, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi kókó náà kó tó yan èyí tí yóò pa. Òótọ́ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá mi ni, sà.”

“Mo mọ̀ láti géètì pé ẹ gbé ènìyàn. Ẹni tó bá gbé ènìyàn wá síbí máa ń rìn bí ẹni tó pọn ọmọ tó ti sùn.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un pátápátá, àwo, nọ́ńbà, kànga, àgbàdo. Bàbá Nátánì ń mi orí. Ó ní ọ̀nà kànga ni àwọn ará ìṣáájú ń gbà, pé ó rọrùn nígbà yẹn. “Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dí i, ọ̀nà kan ló kù. Iye tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni ẹ ó bù lọ.”

“Kí n bu iyẹ̀pẹ̀ Ìyá Rákẹ́lì?” Ó gbé orí sókè. “Olè nìyẹn, bàbá.”

“Ẹ fọwọ́ kàn án ná.”

Ìbídùnní na ọwọ́ lórí ògiri, ó fi ìka mẹ́ta wọ inú òkìtì náà. Ilẹ̀ òkè yìí pọ́n bí epo. Ó ti rí i lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, ó rí i nísàlẹ̀ sùtánà àgbàlagbà náà. Èyí dúdú. Ó rọ̀, ó tutù díẹ̀, ó sì ní òórùn kan tí kò sí lára ilẹ̀ mìíràn láyé. Ọdún méjìlélógún ló fi ń fọ òórùn náà kúrò ní ọwọ́ kó tó jẹun alẹ́. Ó fa ọwọ́ padà kíá.

“Ènìyàn ni,” ó ní.

“Ènìyàn ni.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ pátá.”

“Ìyá Rákẹ́lì wá dà?”

“Wọ́n ti lọ.” Àgbàlagbà náà sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé aládùúgbò rìnrìn-àjò. “Àwọn baba ńlá wa ti bù wọ́n lọ tán kí òṣùwọ̀n tó dé. Nígbà tí ìjọba gbé ẹ̀ṣọ́ wá, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́. Àwọn tó ń mu omi kànga ló wá kọ́ sàréè yìí padà, wọ́n ń da ìyá wọn síbẹ̀, wọ́n ń da ọkọ wọn síbẹ̀, ó ń ga. Àwọn ìjọba wá wò ó, inú wọn dùn, wọ́n ní òṣùwọ̀n ń ṣiṣẹ́.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì. “Ó wá ga tó bó ṣe yẹ. Láti ìgbà tí kànga ti dí, bí ẹnì kan bá wọlé, ẹnì kan á jáde.”

Ìbídùnní wo òkìtì náà. Ohun tó wá wò kì í ṣe ibojì ẹnì kan ṣoṣo mọ́, agbolé ni, agbolé tó kún. Ó wá yé e ohun tí wọ́n ń ní kí òun ṣe.

“Nígbà náà,” ó ní, “ẹni tí mo bá bù yìí, bàbá ẹnì kan ni, tàbí ìyá ẹnì kan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọmọ rẹ̀ wà níbì kan báyìí tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ti rí ibi sùn sí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi ni n ó wá lé e jáde kí tèmi lè ráyè. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á dé, á lé tèmi náà.”

Bàbá Nátánì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. “Àwọn kan ti dé orí ìdúró yín yìí, wọ́n rò ó bí ẹ ṣe ń rò ó, wọ́n sì gbé tiwọn padà sílé. Mi ò bá wọn wí. Èmi kì í ti ènìyàn.”

“Àwọn tó gbé ẹlòmíràn lọ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?”

“Èmi kì í béèrè. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má gbin nǹkan kan sí i. Obìnrin kan wà ní ìhà Ọ̀yán tó máa ń ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún. Ohun tó ń kọ kì í yí padà: Àlejò wa wà dáadáa. Kò jù bẹ́ẹ̀.”

Ìbídùnní tú kókó náà. Ó gbé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Ó fẹ́ mọ ohun tí bàbá ìbá wí, ṣùgbọ́n bàbá ti kọ̀ kí wọ́n gba ohùn òun sínú ògiri. Ó ní ẹni tó bá kú, kó dákẹ́. Ó wá ku kí ọmọ fi ọpọlọ ara rẹ̀ wá a. Ó rántí bí bàbá ṣe máa ń dójú tì í nínú ọkọ̀. Bàbá náà kò lè jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ kó má kí i, kó má béèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe, kó má bá a délé nígbà mìíràn. Ó máa ń sùn nílé onílé bí ẹni pé wọ́n bí i síbẹ̀. Kì í ṣe ìrìn ló ń ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹni tó gbé òun má mọ̀ pé ènìyàn ni òun gbé. Àwo kò mọ̀. Àgbàdo kò mọ̀. Ẹni tó bá fi kókó ìró gbé e sọ̀kalẹ̀ òkè yìí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tó ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀, onítọ̀hún á mọ̀.

“Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n, sà,” ó ní.

Bàbá Nátánì ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ṣí àpótí gíláàsì, ó mú ife mímọ́ jáde, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú Ìbídùnní. Ilẹ̀ Gídíónì Àjàgbé kún agolo mílíìkì náà déedéé dé ẹnu, kò ṣẹ́kù, kò dín.

“Orúkọ wọn?”

“Gídíónì Àjàgbé.”

“Gídíónì Àjàgbé,” ni àgbàlagbà náà wí sí òkìtì náà, bí ẹni tó ń mú àlejò mọ ará ilé. “Ọmọ wọn ló gbé wọn wá. Ẹ sún fún wọn.”

Ìbídùnní fọwọ́ gbẹ́ ibì kan sínú òkìtì, ó da bàbá rẹ̀ sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó sunkún nígbà náà, kò sì tijú. Ó ti sin bàbá rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ láyé.

Nígbà tó na agolo láti bu, Bàbá Nátánì dì í lọ́wọ́ mú. “Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọ mi. Bí ẹ bá bu ibẹ̀ yẹn, ẹ ó kàn gbé bàbá padà sílé ni.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìbídùnní láàárín ẹkún. Ó bu láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi ọwọ́ nu ẹnu agolo kó tẹ́jú, ó dà á sí etí ìró. Ó ti fẹ́ so ó nígbà tí àgbàlagbà náà fi ìka bu ìwọ̀n kékeré kan sí i lórí rẹ̀, bí àwọn tó ń tajà ṣe ń ṣe.

“Kí nìyẹn, sà?”

“Èènì ni. Ìyá ìyá mi kì í wọn nǹkan fún ènìyàn kó má fi èènì sí i. Òógùn tí ẹ là kò kéré, ó dáa kí ó pé.”

Ìlẹ̀kẹ̀ jí ní etí rẹ̀, ó ní ẹ kú àdúrà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé páànù.

Ìbídùnní sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yọ̀ lórí àpáta. Lójú ọ̀nà, ó rí i pé òun ń rìn bí ẹni tó pọn ọmọ, kò sì mọ bó ṣe lè rìn lọ́nà mìíràn. Ó gun òkúta pẹlẹbẹ náà. Ó tutù bíi ti àárọ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” ni òṣùwọ̀n wí. Ìbídùnní ronú kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó ronú kan ọkùnrin ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. “Ó fi gíráàmù mọ́kànlá dín,” ni ẹ̀rọ náà parí ọ̀rọ̀. “Òógùn ni. Ó dàbọ̀ o.”

Kì í ṣe òógùn nìkan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í.

Ọkọ̀ ojú irin kún, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí títí tó fi délé. Bóyá ọkùnrin ni àlejò náà, bóyá obìnrin, kò lè mọ̀. Bóyá díẹ̀ lára ẹni mẹ́wàá ni pàápàá. Nígbà tí ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ oko alájà kọjá, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sì rọra sọ sí etí ìró rẹ̀ pé, “Ìbídùnní lorúkọ mi. Ọmọ Gídíónì ni mí. Ẹ máa wo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. A ò ní yà níbẹ̀.”

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó dúró síwájú ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá lọ sí Ilé Ìpadà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ilẹ̀kùn ń sọ fún un nírọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.

“Ẹ káàbọ̀, Ìbídùnní,” ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí. “Ẹ̀yin nìkan ni.”

Ìbídùnní kò wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó tú kókó ìró rẹ̀, ó gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì dúró níbẹ̀ bí onílé tó mú àgbà àlejò dání.

“Àwa ni,” ó ní. “Kí wa dáadáa.”